Bí a ṣe ń wá ìkóríta àwọn ìlà òòró onígun mẹ́ta, àti ìdí tí ìlà kẹta kì í fi í ṣìnà

Ọmọ iléèwé girama tí ó bá ti fa ìlà méjì sórí ìwé rí mọ̀ pé, bí wọn kò bá jẹ́ ìlà tí ń bá ara wọn rìn lọ lọ́gbọọgba, wọn yóò pàdé níbì kan bó pẹ́ bó yá. Ìyẹn kò ṣòro láti gbà. Ohun tí ó yẹ kí ó ya ènìyàn lẹ́nu ni pé kí ìlà kẹta, tí a fà láti ibòmíràn láìwo ti àwọn méjì àkọ́kọ́, wá gba ojú àmì kan náà kọjá. Àwọn ọ̀nà tó wá sí oríta Ọláìyá níbí ní Òṣogbo pàdé níbẹ̀ nítorí pé àwọn ènìyàn ló là wọ́n síbẹ̀. Ìlà òòró, ìyẹn ìlà tí ó ti orí igun onígun mẹ́ta lọ bá ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí i ní igun 90 dígírì, kò rí bẹ́ẹ̀: kò sí ẹni tó la ẹ̀kẹta sí ìkóríta àwọn méjì yòókù, síbẹ̀ kò tàsé rẹ̀ rí.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lẹ́yìn iléèwé lórí fàráńdà kan ní Òkè-Fíà, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti há a sórí pé ìlà òòró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a máa pàdé, láìtíì bi ara wọn rí pé kí ló fà á. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí olùkọ́ tí ó fẹ́ jókòó ti ọmọ kan títí ìbéèrè yẹn yóò fi jáde lẹ́nu ọmọ náà, tí ọwọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ yóò sì wá ìdáhùn rẹ̀ rí.

Àwọn ohun èlò kò pọ̀. Ẹ wá páálí tí ó le díẹ̀. Èyí tí àwọn ọlọ́jà máa ń tú dànù ní ọjà Ìgbọ̀nà dára ju tuntun lọ, nítorí pé ọmọ kì í bẹ̀rù láti gé e. Ẹ tún wá rúlà méjì, sẹ́ẹ̀tì-sùkúà kan (rúlà onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan jẹ́ 90 dígírì), sísọ́ọ̀sì, òwú ìránṣọ, àlàpin kan, ìwé ńlá kan tí ẹ óò tẹ́ sílẹ̀, àti pẹ́ńsù tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ́ńsù yìí ṣeré. Bí ìlà bá nípọn, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò dà bíi pé wọ́n pàdé nígbà tí wọn kò tíì pàdé, ọmọ kò sì ní mọ ìyàtọ̀ láàárín òtítọ́ àti ohun tí pẹ́ńsù bò mọ́lẹ̀.

Ohun tí ìlà òòró jẹ́

Onígun mẹ́ta ní orí igun mẹ́ta àti ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Orí igun kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kan tí ó kọjú sí i, tí kò fara kàn án. Ìlà òòró ni ìlà tààrà tí a fà láti orí igun kan lọ bá ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí i, tàbí ibi tí ẹ̀gbẹ́ náà yóò dé bí a bá nà án síwájú, tí ó sì bá a ní igun 90 dígírì. Níwọ̀n bí orí igun ti jẹ́ mẹ́ta, ìlà òòró náà jẹ́ mẹ́ta. Ibi tí ìlà òòró ti kan ẹ̀gbẹ́ ni a óò máa pè ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà, òòró, gan-an ló máa ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Nínú èdè wa, ohun tí ó dúró lóòró ni ohun tí ó nàró láti ilẹ̀ sókè, bí òpó iná tàbí igi àgbọn. Nítorí náà, bí a bá ní kí ọmọ fa ìlà òòró láti igun apá òsì, etí ìwé ni yóò máa wò, yóò sì fa ìlà tí ó bá etí ìwé mu dípò èyí tí ó bá ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta mu. Ọmọbìnrin kan tí ó wà ní SS1 ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú mi: ó fa ìlà mẹ́ta, gbogbo wọn dúró ṣánṣán bí òpó iná, wọn kò pàdé níbì kankan, ó sì sọ fún mi pé ohun tí wọ́n kọ́ àwọn kì í ṣe òótọ́. N kò bá a jiyàn. Mo yí ìwé náà lórí tábìlì títí ẹ̀gbẹ́ tí ó wà lápá ọ̀tún fi bọ́ sí ìsàlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì dákẹ́. Ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, ó fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wá ní, "Ẹ̀gbẹ́ yìí wá ni ilẹ̀, sà." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí orí igun ni ilẹ̀ fún ìlà òòró tí ó ti ibẹ̀ wá. Bí ọmọ bá ń ṣòro láti rí i, ẹ jẹ́ kí ó máa yí ìwé náà fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ fa ìlà tuntun, títí ojú rẹ̀ yóò fi là.

Yíya onígun mẹ́ta àkọ́kọ́

Mo máa ń lo onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 13, 14 àti 15 sẹ̀ǹtímítà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti gíga rẹ̀ láti orí ẹ̀gbẹ́ 14 jẹ́ odidi iye, èyí tí ó máa jẹ́ kí ọmọ lè fi rúlà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Orúkọ tí mo sọ àwọn orí igun náà ni A, B àti D, bí álífábẹ́ẹ̀tì wa ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fa ìlà BD tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 14. Ọ̀pọ̀ kọ́ńpáàsì ọmọ iléèwé kì í ṣí dáadáa tó 15, nítorí náà ẹ lo rúlà méjì: ẹ fi odo ti àkọ́kọ́ sórí B, ẹ fi odo ti èkejì sórí D, kí ẹ sì máa yí wọn síra wọn títí àmì 13 ti àkọ́kọ́ yóò fi bá àmì 15 ti èkejì. Ibi tí wọ́n ti bára wọn ni A. Ẹ so A mọ́ B, ẹ so A mọ́ D.

Láti fa ìlà òòró A, ẹ tẹ́ rúlà sí abẹ́ BD kí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ kí ó má yẹ̀, kí ẹ sì gbé ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ méjì tó yí igun 90 dígírì sẹ́ẹ̀tì-sùkúà náà ká lé rúlà náà. Ẹ máa fa sẹ́ẹ̀tì-sùkúà náà lọ lórí rúlà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó nàró yóò fi kan A. Ẹ fa ìlà náà wá sílẹ̀ dé BD, kí ẹ pe ẹsẹ̀ rẹ̀ ní E. Bí iṣẹ́ yín bá péye, BE yóò jẹ́ 5, ED yóò jẹ́ 9, AE yóò sì jẹ́ 12.

Ẹ yí ìwé, kí AD di ilẹ̀, kí ẹ sì ṣe bákan náà láti B. Ẹ pe ẹsẹ̀ rẹ̀ ní F. BF yóò jẹ́ 11.2, DF yóò sì jẹ́ 8.4. Ibi tí ìlà méjì yìí ti ké ara wọn ni kí ẹ pè ní O, ìyẹn oríta. Ẹ wọn OE: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 3.75.

Ẹ dúró níbí kí ẹ tó fa ìlà kẹta. Ẹ ní kí ọmọ fi ìka kan ibi tí ó rò pé ìlà tí ó ti D wá yóò gbà. Àwọn kan yóò fi ìka sórí O nítorí pé wọ́n ti gbọ́ ọ rí. Ẹ bi irú wọn pé ta ló sọ fún ìlà náà kí ó gba ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí ìwé, kí AB di ilẹ̀, kí ẹ fa ìlà òòró D, kí ẹ sì pe ẹsẹ̀ rẹ̀ ní G. Yóò gba O kọjá. Bí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi onígun mẹ́ta kékeré kan sílẹ̀ láàárín wọn, tí ó tó bí èso bàbà, dípò kí wọ́n pàdé lójú kan, rúlà ló yẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ pa ìlà tí ẹ kò fọkàn tán rẹ́, kí ẹ tún un fà.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè yẹ̀ ẹ́ wò tí inú àwọn ọmọ máa ń dùn sí. Àmì O pín ìlà òòró kọ̀ọ̀kan sí apá méjì. Bí ẹ bá sọ apá méjì ìlà kan di púpọ̀ ara wọn, ìdáhùn kan náà ni ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fún yín. AO jẹ́ 8.25, OE jẹ́ 3.75, púpọ̀ wọn sì jẹ́ 30.9375. BO jẹ́ 6.25, OF jẹ́ 4.95, púpọ̀ wọn jẹ́ 30.9375 pẹ̀lú. DO jẹ́ 9.75, ẹ fi OG tí ẹ bá wọ̀n sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ rí bí yóò ti súnmọ́ 31 tó.

Ìdí tí ìlà kẹta fi gba ibẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ má sì yára kọjá rẹ̀. Pé a yà á tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ kò tíì sọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo onígun mẹ́ta tó wà láyé.

Ẹ gé onígun mẹ́ta mẹ́rin láti ara páálí, kí gbogbo wọn jẹ́ 13, 14 àti 15, kí wọ́n bá ara wọn dọ́gba bí owó ẹyọ. Ẹ tẹ́ ọ̀kan sórí ìwé ńlá, kí ẹ sì kọ A, B, D sí orí igun rẹ̀. Ẹ gbé èkejì, ẹ yí i kí orí rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, láìdà á dojú bolẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ 13 lẹ̀ mọ́ AB. Ẹ ṣe bákan náà fún ẹ̀kẹta lórí AD, kí 15 bá 15, àti fún ẹ̀kẹrin lábẹ́ BD, kí 14 bá 14. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò parapọ̀ di onígun mẹ́ta ńlá kan láìsí àlàfo. Ẹ kọ K sí orí igun rẹ̀ tí ó wà lókè lápá òsì, L sí èyí tí ó wà lókè lápá ọ̀tún, àti M sí èyí tí ó wà nísàlẹ̀.

Kí ló dé tí etí òkè fi tọ́ láìṣẹ́ kọ́rọ́ níbi A? Nítorí pé igun mẹ́ta ló pàdé ní A, ọ̀kan láti ara páálí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jẹ́ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta onígun mẹ́ta kan náà, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 180 dígírì, èyí tí í ṣe ìlà tààrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní B àti ní D.

Ẹ wá wo ìlà KL dáadáa. Láti K dé A jẹ́ 14, láti A dé L jẹ́ 14, torí pé ẹ̀gbẹ́ 14 ti páálí méjì ni. A wá jẹ́ agbedeméjì KL. KL àti BD sì ń bá ara wọn rìn lọ lọ́gbọọgba, nítorí náà ìlà òòró tí ó bá BD ní igun 90 dígírì bá KL náà ní igun 90 dígírì. Ohun tí èyí wí ni pé ìlà òòró A nínú onígun mẹ́ta kékeré ni ìlà tí ó gba agbedeméjì KL nínú onígun mẹ́ta ńlá. B jẹ́ agbedeméjì KM, D sì jẹ́ agbedeméjì LM, ọ̀rọ̀ wọn kò sì yàtọ̀.

Ẹni tí ó bá dúró níbikíbi lórí ìlà tí ó gba agbedeméjì KL ní igun 90 dígírì, ọ̀nà rẹ̀ sí K àti ọ̀nà rẹ̀ sí L dọ́gba. Ẹni tí kò bá sí lórí ìlà náà, ọ̀nà rẹ̀ sí ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Bí ọmọ bá ṣiyèméjì, ẹ jẹ́ kí ó ṣẹ́ ìwé kan po kí K lé L: ibi tí ìwé ti ṣẹ́ ni ìlà náà, gbogbo ohun tó sì wà lọ́tùn-ún ti bá ti òsì mu.

Àmì O wà lórí ìlà tí ó ti A wá, nítorí náà OK àti OL dọ́gba. Àmì O wà lórí ìlà tí ó ti B wá, nítorí náà OK àti OM dọ́gba. Bí ọmọ kan bá ga tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n náà sì ga tó bàbá wọn, ọmọ náà ti ga tó bàbá. OL àti OM wá dọ́gba. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà rẹ̀ sí L àti sí M bá dọ́gba kò lè sí níbòmíràn ju orí ìlà tí ó gba agbedeméjì LM lọ, ìlà yẹn sì ni ìlà òòró D. Ìdí nìyí tí ìlà kẹta kò fi ní ibòmíràn láti gbà. Ẹ kíyè sí i pé a kò lo 13, 14 tàbí 15 níbì kankan nínú àlàyé yìí. Iyekíye tí ẹ̀gbẹ́ bá ní, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Kí ọwọ́ lè jẹ́rìí sí ohun tí ọkàn ti gbà, ẹ fi àlàpin tẹ ìdí òwú mọ́ O, kí ẹ nà án dé K, kí ẹ fún un ní kókó níbẹ̀. Kókó náà yóò dé L, yóò sì dé M. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16.25.

Ó wú mi lórí púpọ̀ pé Euclid, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì tí ó kọ́ni ní nǹkan bí ọdún 300 kí a tó bí Jésù, fi hàn bí a ṣe ń fa àmì róbótó yí orí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, èyí tí í ṣe iṣẹ́ tí O ń ṣe fún K, L àti M, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba ìkóríta àwọn ìlà òòró. Ní 1765 ni Leonhard Euler fi hàn pé ìkóríta yìí, àárín àmì róbótó tó yí A, B àti D ká, àti ibi tí a ti lè fi ìka kan gbé páálí náà dúró láìjẹ́ kí ó dà, wà lórí ìlà tààrà kan ṣoṣo.

Nígbà tí ìkóríta bá jáde síta

Nígbà tí mo wà ní iléèwé girama, gbogbo àwòrán tí mo rí ní ìkóríta nínú, débi pé nígbà tí wọ́n fún wa ní onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan fẹ̀ ju 90 dígírì lọ nínú ìdánwò, mo fipá tẹ gbogbo ìlà sínú rẹ̀, mo sì pàdánù máàkì náà. N kò fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mìíràn, nítorí náà mi ò kì í parí ẹ̀kọ́ yìí láìgé páálí.

Ẹ mú ọ̀kan nínú páálí mẹ́rin náà, ẹ fa AE sí i, kí ẹ gé e já lórí ìlà náà. Ẹ ti ní onígun mẹ́ta méjì lọ́wọ́. Ẹ wo èyí tí ó tóbi jù, AED, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 9, 12 àti 15. Àwọn bíríkìlà mọ̀ ọ́n dáadáa, torí òun ni 3, 4, 5 tí wọ́n fi ń yẹ igun ìpìlẹ̀ ilé wò, tí a sọ di ìlọ́po mẹ́ta. Igun rẹ̀ ní E jẹ́ 90 dígírì, nítorí náà AE fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìlà òòró, DE náà sì jẹ́ ìlà òòró. E ni wọ́n ti pàdé, ìlà òòró kẹta sì ti E bẹ̀rẹ̀. Ìkóríta bọ́ sórí igun.

Ẹ wá da páálí kékeré, ABE, dojú bolẹ̀ lé orí èyí tí ó tóbi, kí AE bá AE mu. B yóò bọ́ sáàárín E àti D, ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí E. Ẹ fi pẹ́ńsù tọ etí AB sórí páálí ńlá, kí ẹ gé e. Ohun tí ó kù ni onígun mẹ́ta ABD tuntun, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 13, 4 àti 15, tí igun B rẹ̀ sì fẹ̀ ju 90 dígírì lọ.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé ńlá, kí ẹ sì na ẹ̀gbẹ́ DB kọjá B pẹ̀lú rúlà. Ìlà òòró A kò lè balẹ̀ sórí BD mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 5 lẹ́yìn B, lórí ibi tí a nà. Ẹ na AB náà kọjá B, kí ìlà òòró D lè rí ibi tẹsẹ̀ sí. Ti B nìkan ló balẹ̀ sórí ẹ̀gbẹ́ AD láìsí wàhálà. Báyìí, ẹ na ìlà òòró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìsàlẹ̀ kọjá ìlà BD. Wọn yóò pàdé lójú kan, ní sẹ̀ǹtímítà 3.75 lábẹ́ E. Iye yẹn ni ẹ rí lókè E nínú onígun mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí a ti da páálí náà, bẹ́ẹ̀ ni ìkóríta ti sọ̀kalẹ̀ sí òdìkejì, kò sì fi ohunkóhun dín.

Ẹ padà sórí àwòrán àkọ́kọ́, kí ẹ fi ọwọ́ bo A. Ẹ wo O, B àti D bí ẹni pé àwọn ni onígun mẹ́ta náà. Ìlà tí ó ti B lọ bá OD ní igun 90 dígírì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: AB ni, nítorí pé DG, tí O wà lórí rẹ̀, bá AB ní 90. Èyí tí ó ti D lọ bá OB ni AD, nítorí pé BF bá AD ní 90. Èyí tí ó ti O sọ̀kalẹ̀ sí BD ni OE. Ẹ ní kí ọmọ fi ìka tọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sókè, kí ó sọ ibi tí wọ́n ti pàdé kí ẹ tó ṣí ọwọ́ kúrò lórí A.